Ọmọ Ọdún 16 Tó Ń Sọ̀rọ̀ Bí Àgbà: Ẹ̀fẹ̀ Lórí Àwọn Ọ̀dọ́ Ẹgbẹ́ Tory

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1977, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 16 kan láti agbègbè Rotherham gun orí pèpéle níbi àpérò ọdọọdún ẹgbẹ́ Conservative ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ṣe ní Blackpool. William Hague ni orúkọ rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti ṣe mínísítà rí, ó ní kí ìjọba dín ọwọ́ rẹ̀ kù nínú ayé aráàlú. Ó wá sọ fún àwọn àgbà tó jókòó síwájú rẹ̀ pé ìdajì wọn kò ní sí mọ́ tó bá di ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún sí i, pé àwọn ọ̀dọ́ bíi tòun ló máa gbé inú ohun tí wọ́n bá fi sílẹ̀. Nílé Yorùbá, ọmọ tó bá rán àgbà létí ikú báyìí, ìgbátí ni yóò fi gbà. Ní Blackpool, àtẹ́wọ́ ló gbà, Margaret Thatcher tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ nígbà náà sì wà lára àwọn tó yẹ́ ẹ sí.

Àwòrán yẹn ni àwọn aláwàdà kò jẹ́ kó kú: ọmọdé tó de táì àgbà, tí kò tíì gbé ayé, tó sì ń kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́. Èrò tèmi ni pé ẹ̀rín yìí tan àwọn tó ń rín in jẹ ju bó ṣe dun àwọn tí wọ́n ń fi rín lọ.

Ṣáájú Hague, ẹ̀fẹ̀ náà kò le. Ní ọdún 1961, Tony Hancock ṣe eré kan lórí BBC, níbi tí ọkùnrin kan ti lọ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Ó ní òun fẹ́ ṣe ohun kan fún orílẹ̀-èdè òun, òun sì rò ó bóyá kí òun wọ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Conservative, àmọ́ òun kò wá ìyàwó, òun kò sì mọ tẹnísì orí tábìlì gbá. Kò sẹ́ni tó nílò àlàyé. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ibi ijó àti ìpàdé-mọra ni ẹgbẹ́ náà jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọmọ olówó díẹ̀díẹ̀. Òṣèlú wà níbẹ̀ lóòótọ́, bí ìyọ̀ ṣe ń wà nínú ọbẹ̀.

Lẹ́yìn tí Thatcher gba ìjọba ní 1979, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Conservative ní yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í ka Thatcher fúnra rẹ̀ sí ẹni tó rọ̀ jù. Àwọn kan nínú wọn gbé pósítà jáde pé kí wọ́n so Nelson Mandela kọ́, ẹni tó wà lẹ́wọ̀n nígbà náà. Norman Tebbit, alága ẹgbẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ le bí òkúta, ló tú àjọ akẹ́kọ̀ọ́ náà ká ní 1986.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí tẹlifíṣọ̀n fi èyí ṣe. Ní 1987, Rik Mayall di Alan B'Stard nínú The New Statesman, ọ̀dọ́ aṣòfin olójúkòkòrò, alágbèrè, òpùrọ́. Mo gbádùn eré náà, àmọ́ ìwà B'Stard burú débi pé kò sí olóṣèlú kan tó lè rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tó di àwọn ọdún 1990, Harry Enfield mú Tory Boy wá sórí BBC, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ gbogbo ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ náà. Aṣọ, ohùn àti ìgbéraga la fi ń rẹ́rìn-ín. Pósítà Mandela kò sí nínú ẹ̀fẹ̀ náà.

Àwọn ará Amẹ́ríkà tiẹ̀ rí èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú Family Ties, tó bẹ̀rẹ̀ lórí NBC ní 1982, Gary David Goldberg fẹ́ kí àwọn òbí tí wọ́n ti jẹ́ híppì rí jẹ́ gbòǹgbò ìtàn. Ọmọ wọn, Alex Keaton, tó fẹ́ràn owó àti Richard Nixon, ni kí a máa fi rẹ́rìn-ín. Michael J. Fox ṣe Alex dáadáa débi pé òun ni gbogbo ayé ń wò, ó gba ẹ̀bùn Emmy mẹ́ta. Ààrẹ Reagan ní eré tí òun fẹ́ràn jù nìyẹn. Ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ di àwòkọ́ṣe.

Hague náà dàgbà. Ó di olórí ẹgbẹ́ ní 1997, ní ọmọ ọdún 36. Ó dé fìlà béèsìbọ́ọ̀lù lọ sí ọgbà ìgbafẹ́, ìwé ìròyìn fi ṣẹ̀sín. Ó ní nígbà èwe òun lè mu ọtí páìntì 14 lójúmọ́, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Nínú ìdìbò 2001, wọ́n fìdí rẹ̀ jálẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló ń sọ lábẹ́ fìlà náà? Kí Gẹ̀ẹ́sì di owó pọ́n-ùn rẹ̀ mú, kí ó má wọ owó Yúróòpù. Kí wọ́n máa ti àwọn tó wá tọrọ ààbò mọ́ inú àgọ́. Lẹ́yìn ọdún 15, Yúróòpù àti àwọn àjèjì náà ni ọ̀rọ̀ tí ìlú dìbò lé lórí tí wọ́n fi jáde kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Fìlà ni àwọn aláwàdà ń wò.

Ẹni tó wà nídìí ẹgbẹ́ yẹn láti oṣù kọkànlá ọdún 2024 kò bá àwòrán àtijọ́ mu rárá. Kemi Badenoch, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London ní 1980, Èkó ló ti dàgbà. Ní ọmọ ọdún 16, tí Hague fi wà lórí pèpéle, òun padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ṣiṣẹ́ ní McDonald's. Ọmọ ọdún 25 ló wọ ẹgbẹ́. Kò sí táì bàbá lọ́rùn rẹ̀ tí aláwàdà lè fà.

Ní oṣù kejì ọdún 2025, ó gbé ìlànà ńlá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde: kí àjèjì tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ dúró fún ọdún 10, dípò 5, kí ó tó lè béèrè fún ìwé ìgbélùú títí láé.