Àwọn Tó Ń Ṣáájú Àlejò Dé Orí Òkè Yìnyín

Ẹ ó rántí pé nínú ẹ̀kọ́ Jọ́gíráfì, a máa ń ya àwòrán òkè Alps àti òkè Rockies, a ó fi ṣọ́ọ̀kì funfun kun orí wọn, ó parí. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé àwọn kan ń jẹun lórí òkè wọ̀nyẹn, pé àwọn kan sì ń kú síbẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Lónìí, àwọn ọmọ wa ti pọ̀ ní Amẹ́ríkà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ sì máa ń gba iṣẹ́ ìgbà òtútù níbi tí wọ́n ti ń ṣe síkì. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n pìtàn iṣẹ́ náà fún yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yé ara wa. Àwa Yorùbá, yìnyín la ń pe gbogbo rẹ̀. Èyí tó ń bọ́ bí òwú, ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní sìnóò; èyí tó le bí gíláàsì ni yìnyín. Sìnóò ni àlejò sanwó fún, àmọ́ yìnyín ni òṣìṣẹ́ ń bá pàdé. Oòrùn ọ̀sán á yọ́ ojú sìnóò, òtútù òru á sì sọ omi náà di yìnyín. Tí òjò bá tún lọ rọ̀ lé e, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣìṣẹ́ ló sì ń kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí ojú ọ̀nà le jù. Ẹni tó bá ṣubú lórí sìnóò rírọ̀ lè dúró síbi tó ṣubú sí. Ẹni tó bá ṣubú lórí yìnyín ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, yíyọ̀ ni yóò máa yọ̀ lọ, eré rẹ̀ á máa pọ̀ sí i, àfi tí igi tàbí òpó bá dá a dúró.

Ní 1936, ọ̀gbẹ́ni oníṣẹ́ inṣọ́ránsì kan, Charles Minot Dole, ṣubú ní Stowe, ní ìpínlẹ̀ Vermont, ọrùn-ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Kò sí ẹ̀ṣọ́ kankan nítòsí. Orí páànù tí wọ́n fi ń bo ilé ni wọ́n gbé e lé, wọ́n sì wọ́ ọ sọ̀kalẹ̀. Láàrin oṣù díẹ̀, Frank Edson, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ràn án lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, kú nínú ìdíje síkì. Dole kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Ní 1938 ni wọ́n dá National Ski Patrol sílẹ̀, òun sì ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Mo fẹ́ràn ibí yìí nínú ìtàn náà: ẹni tí wọ́n fi páànù wọ́ ló ní kí wọ́n má fi wọ́ ẹlòmíràn mọ́.

Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣọ́ ẹ̀ṣọ́? Ẹ fojú inú wò ó. Wọ́n gbé ẹni tó dá lẹ́sẹ̀ lé ohun kan tó dà bí ọmọlanke tí kò ní táyà. Ẹ̀ṣọ́ kan ṣoṣo ló dúró sáàárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, níwájú, ẹrù sì ń tì í bọ̀ lẹ́yìn. Ṣéènì kan tí wọ́n lè jù sábẹ́ rẹ̀ ni bíréèkì. Àwa tí a ti rí ọmọlanke tó já lọ́wọ́ ẹni tó ń tì í nígẹ̀rẹ́ òkè, a mọ ohun tí mò ń sọ, ti wa ò sì sí lórí yìnyín.

Ewu tó tún ju èyí lọ ni sìnóò tó ya láti orí òkè wá, tí Òyìnbó ń pè ní avalanche. Ní Alta, ìpínlẹ̀ Utah, ó ti pa àwọn awakùsà tipẹ́ kí síkì tó dé. Monty Atwater, ológun tó ti ojú ogun dé, gbaṣẹ́ níbẹ̀ ní 1945. Ọgbọ́n tó dá ni pé kí wọ́n fi bọ́ǹbù já sìnóò lulẹ̀ kí àlejò tó gòkè. Ní 1949, wọ́n gbé àgbá ológun wá yìn ín sí òkè. Ọgbọ́n gidi ni o, àmọ́ ẹ wo ẹni tó ń jù ú: òṣìṣẹ́ tó dúró sórí òkè tó ń fẹ́ já náà ni.

Ìtàn Alpine Meadows ní California ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ní 31 March 1982, ìjì ti fa sìnóò ọjọ́ bíi mélòó kan jọ, wọ́n ti ti ibẹ̀ pa fún àlejò. Àwọn òṣìṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni sìnóò ya bo ilé wọn mọ́lẹ̀. Ènìyàn 7 kú, Bernie Kingery tó jẹ́ ọ̀gá àgbà lórí òkè náà wà nínú wọn. Anna Conrad, ọmọ ọdún 22 tó ń ṣiṣẹ́ nídìí àga oníwáyà tí ń gbé èèyàn gòkè, há sínú àlàfo tóóró kan lábẹ́ sìnóò. Ìjì náà kò jẹ́ kí wọ́n lè wá a bó ṣe yẹ. Ọjọ́ karùn-ún, 5 April, ni wọ́n tó gbé e jáde láàyè. Ajá kan tí wọ́n ń pè ní Bridget wà lára àwọn tó tọpa rẹ̀. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lábẹ́ orúnkún, àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì náà lọ. Ẹ má gbàgbé pé ẹni tí sìnóò bò, ìṣẹ́jú 10 sí 15 àkọ́kọ́ ni ìrètí rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ní Mammoth Mountain, California kan náà, ní April 2006, àwọn ẹ̀ṣọ́ lọ ṣọgbà yí ihò kan ká kí àlejò má baà jìn sí i. Abẹ́ òkè iná ni ihò náà ti ń mí gáàsì jáde. Sìnóò ya lábẹ́ ẹ̀ṣọ́ méjì, wọ́n jábọ́ sínú rẹ̀. Ẹnì kẹta wọlé láti yọ wọ́n. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kú.

Nísinsìnyí, ẹ bi mí pé èló ni wọ́n ń san. Ní 27 December 2024, nígbà tí àlejò ọdún ń rọ́ dé, nǹkan bí 200 ẹ̀ṣọ́ ní Park City, Utah, da iṣẹ́ sílẹ̀. Dọ́là 21 ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ń gbà ní wákàtí kan, wọ́n ní kó di 23. Láìsí ẹ̀ṣọ́, ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà kò ṣeé ṣí, àwọn tó ti sanwó gọbọi sì ń tò sórí ìlà bí ẹni ń dúró de epo bẹntiróòlù. Ní 8 January 2025, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn tuntun, dọ́là 23 náà sì wọlé. Kò pé oṣù kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà, ní 14 February, sìnóò tún bo ẹ̀ṣọ́ méjì ní Mammoth níbi tí wọ́n ti ń já a lulẹ̀ fún àlejò. Ọ̀kan nínú wọn kò yè é.