Ìdáàbòbò Sáfà Linux Lọ́wọ́ Àléébù SACK Panic

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà, ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ Netflix kéde àléébù kan tí òṣìṣẹ́ wọn, Jonathan Looney, rí nínú kernel Linux, ìyẹn ọkàn ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà. Orúkọ rẹ̀ ni SACK Panic. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ ni CVE-2019-11477. Ó kan gbogbo kernel láti ẹ̀yà 2.6.29 tí a kò tíì tún ṣe. Ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn tàbí ilé ìtajà ní Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò, ní Alímọ̀ṣọ́, tí ó ṣì ń lo sáfà àtijọ́ ní láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí àléébù náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ìdì kéékèèké ni ìsọfúnni fi ń rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. SACK, tí a fi lélẹ̀ ní ọdún 1996, ni kọ̀ǹpútà fi ń jẹ́rìí sí àwọn ìdì tí ó ti dé, kí a má baà tún gbogbo wọn fi ránṣẹ́. Oníṣẹ́ ibi lè mú kí ìdì sáfà kéré jọjọ, kí ó sì fi ìjẹ́rìí SACK alárékérekè ṣọwọ́ sí i. Òǹkà inú kernel yóò kọjá ààlà rẹ̀, sáfà yóò sì dákú lójijì. Kò jí ìsọfúnni, ṣùgbọ́n gbogbo iṣẹ́ yóò dúró.

Ohun tí ẹ ó ṣe

1. Ẹ tẹ `uname -r` láti mọ ẹ̀yà kernel yín. Àtúnṣe wà nínú 4.4.182, 4.9.182, 4.14.127, 4.19.52 àti 5.1.11. Ubuntu àti Red Hat a máa fi àtúnṣe sínú ẹ̀yà tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré sí ìwọ̀nyí. Ẹ ka ìkéde wọn.

2. Ẹ fi kernel tuntun sí i, kí ẹ sì pa sáfà, kí ẹ tún un tàn. Èyí ni àtúnṣe gan-an.

3. Bí èyí kò bá tíì ṣeé ṣe, ẹ tẹ `sudo sysctl -w net.ipv4.tcp_sack=0`. Kí ètò yìí má baà parẹ́ nígbà tí iná bá lọ, ẹ kọ `net.ipv4.tcp_sack = 0` sínú fáìlì `/etc/sysctl.conf`.

Ìkìlọ̀

Níbi tí nẹ́tíwọ̀kì kò ti dúró ṣinṣin, pípa SACK a máa fa iṣẹ́ sẹ́yìn, nítorí ìdì tí ó ti dé ni a ó tún máa fi ránṣẹ́. Nítorí náà, nígbà tí kernel tuntun bá ti wọlé, ẹ yọ ìlà náà kúrò, kí ẹ sì dá iye rẹ̀ padà sí 1.