Ògiri Àjọni ní Agbo Ilé Èkìtì

Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, ní Erìò, ní Arámọkọ, àti ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, yàrá ni ènìyàn ń jogún ní ayé àtijọ́, kì í ṣe ilé. Agbo ilé ni ilé, ẹbí ni ó sì ni ín. Yàrá ẹ̀gbọ́n fi ẹ̀yìn ti yàrá àbúrò. Ògiri kan ṣoṣo ni ó là wọ́n láàárín, òrùlé kan náà ni ó sì bò wọ́n. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ wó ògiri yìí tún mọ, tàbí kí ó gbé e ga, ta ni yóò fún un ní àṣẹ?

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a wo bí a ti ń mọlé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ náà. A ó po amọ̀, a ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kúnná, a ó sì mọ ọ́n ní ìpele-ìpele. Ìpele kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí òmíràn tó gùn ún. Ẹnì kan kò lè dá a ṣe, nítorí náà ọ̀wẹ̀ ni a ń bẹ̀. Ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ a pèsè oúnjẹ àti ẹmu. Ará ilé, àna àti ọ̀rẹ́ a sì wá. Kò sí bí ọ̀wẹ̀ yóò ṣe dé agbo ilé tí baálé kò ní gbọ́. Aládùúgbò tí ògiri kàn pàápàá wà lára àwọn tí ń tẹ amọ̀. Kí ògiri náà tó dé òkè, ó ti fọwọ́ sí i lójú ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rìí. Ọ̀wẹ̀ gan-an ni àdéhùn.

Òjò tún wà níbẹ̀. Òrùlé agbo ilé a máa da omi sí àgbàlá tí ó wà láàárín. Ẹni tí ó bá dá gbé ògiri tirẹ̀ ga ń da omi sórí ògiri ẹnìkejì, òjò kì í sì í fojú ire wo amọ̀. Ewé tí a fi bo ilé kì í sì í pẹ́ bàjẹ́. Nípa bẹ́ẹ̀, àwọn alájọgbé a tún pàdé lórí òrùlé kan náà lẹ́yìn ọdún díẹ̀ díẹ̀, wọ́n fẹ́, wọ́n kọ̀.

Páànù ni ó fòpin sí ìpàdé yìí. Reluwé dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901. Nígbà tí owó kòkó sì wọ Èkìtì, ẹni tí ó lówó lè fi páànù bo apá tirẹ̀, kí ó má sì padà wá bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ogún ọdún. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò tíì kúrò lọ́wọ́ ẹbí. Nínú ẹjọ́ Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa ti Èkó, ní 1921, àwọn adájọ́ ní London gbà pé ti ìlú tàbí ti ẹbí ni ilẹ̀. Nínú òfin àbáláyé, owó tí ọmọ ẹbí kan ná sí ilé ẹbí kò sọ ilé náà di tirẹ̀ nìkan. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi lọ kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù sí ẹ̀yìn ìlú. Wọ́n fi yàrá baba wọn sílẹ̀. Nígbà tí ó wó, ògiri arákùnrin wọn di ìhòhò fún òjò.

Àwọn ará London gba ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn iná ńlá 1666, òfin 1667 pàṣẹ pé kí ògiri àjọni jókòó sórí ilẹ̀ ẹni méjèèjì ní ìdọ́gba, kí ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ́ ọ sì gba ìdajì owó rẹ̀ padà. Òfin 1996, tí ó wà fún England àti Wales, béèrè ìwé ìkìlọ̀ oṣù méjì kí a tó fọwọ́ kan irú ògiri bẹ́ẹ̀. Bí aládùúgbò kò bá fèsì láàárín ọjọ́ 14, àríyànjiyàn ti dé nìyẹn lójú òfin, a ó sì yan onímọ̀ tí yóò là á. Òfin yẹn yẹ àwọn àjèjì tí ó mọ ìdajì tiwọn. Ní agbo ilé Èkìtì, kò sí ìdajì tí a lè tọ́ka sí. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 pàápàá, tí ó fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, kò sọ ohunkóhun nípa ògiri tí ó wà láàárín yàrá méjì.

Níbi tí agbo ilé ṣì wà, ìpàdé ẹbí ni ọ̀rọ̀ ògiri yẹ kí ó kọ́kọ́ dé. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí ó yẹ kí wọ́n jókòó síbẹ̀ ti wà ní Èkó, ní Ìbàdàn, tàbí ní Peckham, níbi tí wọ́n ti ní ọjọ́ 14 láti dá aládùúgbò wọn lóhùn.