Ìrírí Tó Ṣe É Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ ṣe é rà lọ́jọ́ kan ní ọjà Ìtòkú. Àkísà kò ṣe é rà, àfi kéèyàn wọ aṣọ títí yóò fi gbó sí i lára. Ohun tí òwe náà ń sọ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó fẹ́ kàwé gboyè másítáàsì nínú iṣẹ́ wẹ́fíà ló mú mi rántí rẹ̀, yálà Ìbàdàn ni wọ́n fẹ́ lọ, tàbí Èkó, tàbí ìlú Ọba. Wọ́n á gba fọ́ọ̀mù, wọ́n á máa kọ ọ́ lọ geere, àfi ìgbà tí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n ti béèrè pé: ìrírí wo lo ní?

Èsì tí púpọ̀ nínú wọn ń kọ ni pé àwọn bá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí gbé ìrẹsì àti ọṣẹ lọ sílé àwọn ọmọ aláìlóbìí nígbà ọdún. Àánú nìyẹn, Ọlọ́run a sì san án fún wọn. Ṣùgbọ́n àánú lọ́tọ̀, iṣẹ́ wẹ́fíà lọ́tọ̀. Aláàánú á fúnni, á máa lọ. Kò sẹ́ni tí yóò bi í lóṣù mẹ́ta sí i pé báwo ni ọmọ yẹn ṣe ń ṣe sí. Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ní láti jíhìn. Ó ní ọ̀gá tó ń ka ìwé rẹ̀. Ó tún ń jíhìn fún ẹni tó ń ràn lọ́wọ́ gan-an, torí ẹni náà lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé òun ò fẹ́.

Ká ní àgùnbánirọ̀ kan ń kọ́ni ní abúlé kan ní Ọbáfẹ́mi-Owódé, tí ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì rẹ̀ sì máa ń sùn lórí tábìlì láàárọ̀. Aláàánú á ra yunifọ́ọ̀mù àti bàtà fún un. Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ á kọ́kọ́ béèrè. Á gbàṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, á dé ilé ọmọ náà, á bá ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ọmọ yìí ló ń jí lóru bá wọn yan gàrí kí àwọn méjèèjì tó rí nǹkan jẹ. Á kọ ọ́ sílẹ̀, ọjọ́ tó lọ, ohun tó rí, ohun tí wọ́n sọ fún un. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ rò, ojú ìwé mìíràn ni yóò kọ ìyẹn sí. Ibí yìí ló ti ń le jù, nítorí ẹni tí kò tíì ṣe é rí á kọ pé “ìyá àgbà náà kò bìkítà,” á sì rò pé ohun tí òun rí lòun kọ. Lẹ́yìn náà, á mú ọ̀rọ̀ náà tọ òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ìjọba ìbílẹ̀ lọ. Lọ́sẹ̀ méjì sí i, á padà lọ wò wọ́n. Ìyá àgbà lè ti bínú, kó ní kó má tẹ ilé òun mọ́. Á kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé àwa ará Abẹ́òkúta, nítorí Àrò, ilé ìwòsàn àárùn ọpọlọ, wà lọ́dọ̀ wa. Ó máa ń dùn mí pé èébú ni orúkọ ilé ìwòsàn yẹn dà lẹ́nu àwọn èèyàn. Wọ́n tún máa ń sọ pé ibẹ̀ ni ìtọ́jú àárùn ọpọlọ ti bẹ̀rẹ̀ nílùú yìí. Lántòrò ló ṣáájú, ní 1944, nígbà tí wọ́n sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n ibẹ̀ di ibi ìtọ́jú àwọn sójà tí orí wọn dàrú lójú ogun Hitler. Ní 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ ìlú yìí tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Àrò, nígbà tí wọn ò tíì kọ́ ilé ìwòsàn náà tán. Ó bá àwọn abúlé tó wà nítòsí ṣe àdéhùn kí wọ́n máa gba aláìsàn sílé. Ó di dandan kí ẹbí kan bá aláìsàn wá, tí yóò máa dáná fún un, tí yóò máa mú un lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀, tí yóò sì mú un padà sílé lọ́sàn-án.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń yin Lambo sí ni pé ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹbí tó sùn ti aláìsàn àti onílé tó gbà wọ́n sílé ni òpó ètò náà. Àwọn ló wà níbẹ̀ lóru nígbà tí dókítà ti lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń bá ẹni tó bá ní òun ò ní ìrírí kankan jiyàn, nígbà tó jẹ́ pé òun ló ń mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí Àrò láti ọdún pípẹ́. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń ka ìtọ́jú ẹbí mọ́ ìrírí, yálà wọ́n sanwó fúnni tàbí wọn kò san, bí èèyàn bá ti lè ṣàlàyé ohun tó kọ́ níbẹ̀.

Ẹ wo ẹgbẹ́ Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì náà. Abẹ́òkúta Ladies’ Club ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó kàwé, tí wọ́n ń kọ́ ara wọn ní aṣọ rírán. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé kíkà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gbọ́ pé ìjọba ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin náà láìsanwó. Ní 1946 ẹgbẹ́ náà di Abẹ́òkúta Women’s Union. Nígbà tó fi máa di oṣù kìn-ín-ní 1949, ọ̀rọ̀ owó orí àwọn obìnrin ti mú kí Aláké Adémọ́lá fi ààfin sílẹ̀. Ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá ọlọ́jà ló sọ wọ́n di ẹgbẹ́ mìíràn.

Àkísà inú òwe wa ńkọ́? Ìyá àgbà tó léni jáde ni. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń fi irú rẹ̀ pa mọ́, wọ́n rò pé iṣẹ́ tó yọrí nìkan ló yẹ fọ́ọ̀mù. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá lè sọ ibi tí òun ti ṣì í, àti ohun tí òun yóò ṣe bí irú rẹ̀ bá tún wáyé, ti fi hàn pé òun ti fara kan iṣẹ́ náà. Ní Amẹ́ríkà, ó kéré tán, wákàtí 900 ni akẹ́kọ̀ọ́ másítáàsì yóò fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kó tó gboyè. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò gba kí ọ̀gá tọ́ka sí àṣìṣe rẹ̀ yóò jìyà níbẹ̀.

Nítorí náà, dípò kéèyàn máa lọ káàkiri ilé ọmọ aláìlóbìí mẹ́wàá, kó wá ibì kan ṣoṣo, bóyá wẹ́fíà ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ẹ̀ka wẹ́fíà ní ilé ìwòsàn ńlá, kó bẹ̀ wọ́n fún ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kó sì dúró síbẹ̀ fún ọdún kan. Kó má gbé fọ́tò ọmọ ẹnikẹ́ni sórí Facebook. Kó má kọ orúkọ wọn sínú fọ́ọ̀mù. Kó sì gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ kó tó kúrò, kí wákàtí tó lò àti irú iṣẹ́ tó ṣe hàn níbẹ̀ kedere, nítorí wọ́n lè gbé òṣìṣẹ́ ìjọba lọ sí Ìlaròó tàbí Ìjẹ̀bú-Òde nígbàkúùgbà, ẹni tó bá sì jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́yìn náà kò ní mọ ẹni tí à ń sọ.