Ohun tí Ìtọ̀ ń Sọ: Ìtàn Àtọ̀sí Ajá

Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò: àtọ̀sí ajá. Fìdítì àti Ìlọrà ní ilẹ̀ Afijió ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní èwe mi. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni àwọn àgbà fi ń pè é.

“Tọ̀” wà nínú orúkọ náà, nítorí ìtọ̀ ni àwọn baba wa wò kí wọ́n tó sọ àrùn náà lórúkọ. Àtọ̀sí lásán ni èyí tí à ń kó nípasẹ̀ ìbálòpọ̀. Àtọ̀sí ajá ni èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń bá ìtọ̀ jáde, tí ìsàlẹ̀ ikùn sì ń dunni. Wọ́n ní orúkọ ọmọ ní ń ro ọmọ. Orúkọ yìí ro aláìsàn pẹ̀lú, nítorí ó rọrùn kí a fi ojú oníṣekúṣe wo ọmọ tí odò nìkan ni ó wẹ̀.

Ní 1851, Theodor Bilharz, dókítà ará Jámánì, rí aràn tí ó ń fa àrùn náà nínú òkú ènìyàn ní Káírò, ní Íjíbítì. Ní 1915, Robert Leiper, ọmọ Skọ́tílándì, fi hàn ní Íjíbítì kan náà pé inú ìgbín kékeré inú omi ni ọmọ aràn ń gbé kí ó tó gba awọ ara wọ inú ènìyàn. Ẹyin aràn a gún ògiri àpò ìtọ̀, ẹ̀jẹ̀ a sì dà. Ẹni tí ó bá tọ̀ sódò ti dá ẹyin padà fún omi. Omi kò lọ́tàá lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi tí kò ṣàn lè gbé ọ̀tá pamọ́: lẹ́yìn tí a ṣí ìdídò Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn ní 1983, àrùn náà gbilẹ̀ láàárín àwọn tí ń gbé etí adágún rẹ̀.

Ìtọ̀ kan náà ni ẹlẹ́rìí. Láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí méjì ọ̀sán ni ẹyin ń pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìgbà náà ni àwọn olùyẹ̀wò sì ń gbà á. Wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á ka ẹyin. Tàbí kí wọ́n ri ike pélébé kan bọ̀ ọ́, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà bí ẹ̀jẹ̀ bá wà. Praziquantel, tí a ṣàwárí ní Jámánì láàárín 1970 sí 1979, ni oògùn rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a óò tún ìtọ̀ wò: bí ẹyin bá ti tán, oògùn ti jẹ́, bí ó bá ṣẹ́kù, a óò tún un lò. Ẹni tí ìtìjú bá sé mọ́lé lè kàgbákò, nítorí aràn yìí lè fa jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀.

Ní 1915 kan náà, Guy Hunner, dókítà ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọgbẹ́ inú àpò ìtọ̀ àwọn obìnrin kan. Ìrora yìí kò ní aràn nínú, ìtọ̀ sì lè mọ́ gaara. Títí di òní, kò sí àmì kan ṣoṣo nínú ìtọ̀ tí gbogbo dókítà gbà pé ó fi í hàn, tàbí pé ó ń sọ bóyá ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́. Ẹnu aláìsàn ni ẹlẹ́rìí rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a pe àtọ̀sí ajá ní àrùn aràn odò, kí ìtìjú kúrò níbẹ̀. Ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ bá sì mọ́, tí ó ṣì ń jẹ̀rora, ẹ má pè é ní òpùrọ́.