Ìrora lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọ̀nà oúnjẹ

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Ìta-Jẹ̀bú, bí wọ́n tiẹ̀ gba ihò kéékèèké ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọ̀nà oúnjẹ, àyà ṣì máa ń dunni. Ẹni tí ìrora ò jẹ́ kó wúkọ́, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró lè mú un. Ẹ má sọ fún un pé kó fara dà á o!

Mọ́fíìnì, tí Sertürner yọ jáde ní Jámánì ní nǹkan bí 1804, lágbára, àmọ́ ó lè dín mímí kù. Lọ́dún 1921, Pagés, dókítà ológun ará Sípéènì, kọ̀wé nípa abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tí wọ́n ń pè ní epidural. Ó ń pa ìrora gan-an, ṣùgbọ́n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀. Ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, tí Sellheim bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1905, kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Òun lèmi fẹ́, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n gún bá wà. Kí wọ́n tó gbé èèyàn yín wọlé, ẹ bi wọ́n: èwo lẹ máa lò?