Mẹ́jọ àti Mẹ́sàn-án: Ìbéèrè Olórin Kan

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú ìwé àti ohun ìkọ̀wé sọ́wọ́.

Ẹ kọ 1 sílẹ̀, kí ẹ máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: 2, 4, 8, 16, 32. Ẹ jẹ́ kí a pe ìwọ̀nyí ní ìdílé èjì. Ẹ tún kọ 1, kí ẹ máa sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta: 3, 9, 27, 81. Ìdílé ẹ̀ta nìyẹn. Ó yá, ẹ bá mi wá ará ìdílé kìn-ín-ní àti ará ìdílé kejì tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò, tí ọ̀kan fi 1 ju èkejì lọ. Ẹ ó rí 1 àti 2, 2 àti 3, 3 àti 4, 8 àti 9. Ǹjẹ́ òmíràn wà níwájú?

Olórin ará Faransé kan, Philippe de Vitry, ni ó fẹ́ mọ̀. Láti ayé àwọn Gíríìkì àtijọ́ ni àwọn olórin ti ń fi 2 àti 3 wọn ohùn: okùn tí ó gùn ní ìlọ́po méjì èkejì a máa bá a mu lóhùn, 9 sí 8 sì ni ìwọ̀n ìṣísẹ̀ kan láti ohùn dé ohùn. Vitry kó ìbéèrè náà lọ bá Levi ben Gerson, ọ̀mọ̀wé Júù kan ní ìhà gúúsù Faransé. Ní 1343, Levi dáhùn pé kò sí òmíràn láé.

Ṣé ó ka nọ́ńbà títí ni? Rárá o, èrò ni ó fi ṣe é. Ẹ jẹ́ kí àwa náà dán díẹ̀ wò. Ẹ fi 8 pín ará ìdílé ẹ̀ta: 9 ṣẹ́ ku 1, 27 ṣẹ́ ku 3, 81 ṣẹ́ ku 1. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí, nítorí ìlọ́po mẹ́ta 1 jẹ́ 3, ìlọ́po mẹ́ta 3 sì jẹ́ 9, tí ó ṣẹ́ ku 1. Bí a bá fi 1 kún wọn, 2 tàbí 4 ni yóò ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n láti orí 8 lọ, 8 pín gbogbo ìdílé èjì láìṣẹ́ku. Nítorí náà, ará ìdílé èjì tí ó fi 1 ju ará ìdílé ẹ̀ta lọ kò lè kọjá 4.

Ní 1844, Eugène Catalan, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, fẹ ìbéèrè náà lójú nínú lẹ́tà tí ó kọ sí ìwé ìròyìn ìṣirò ti Crelle ní Jámánì. Ó ní kí a mú ìdílé gbogbo nọ́ńbà láti 2 lọ, kí a yọ àwọn olórí ìdílé sílẹ̀, kí a wo àwọn ọmọ nìkan, bíi 25 tí í ṣe 5 lọ́nà 5: 8 àti 9 nìkan ni yóò jẹ́ aládùúgbò. Ó gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n kò rí ẹ̀rí rẹ̀ fi hàn tán.

Ní 1976, Robert Tijdeman, ará Họ́láńdì, fi hàn pé bí òmíràn bá tilẹ̀ wà, wọ́n níye. Ní 2002, Preda Mihăilescu, ọmọ Rùmáníà, parí iṣẹ́ náà: òótọ́ ni Catalan sọ. Ìwé ìròyìn kan náà tí ó tẹ lẹ́tà ti 1844 ni ó tẹ ẹ̀rí náà jáde ní 2004, lẹ́yìn 160 ọdún.

Ẹ̀yin ọmọ mi, nọ́ńbà kò lópin, ẹ̀mí ènìyàn lópin. Ẹni tí ó kà títí tí kò rí òmíràn kò tí ì mọ̀ pé kò sí. Bí olùkọ́ bá bi yín pé, “Báwo ni o ṣe mọ̀?”, ẹ má ṣe bínú. Ìbéèrè yẹn gan-an ni ìṣirò.

Ó dàárọ̀ o.